Ọkàn òṣìṣẹ́ ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ní ọ́fíìsì owó orí wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọ́fíìsì owó orí ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí kò sẹ́ni tó ń fi ọkàn ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka wa. Aago mẹ́jọ ló yẹ ká wọlé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lẹ ó tó rí ẹlòmíì. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á fajú ro bí ẹni pé mo jẹ wọ́n lówó. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé àga mi lọ, ó gbé èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀ síbẹ̀! Ẹ̀rọ amúlétutù ti bàjẹ́ látọdún tó kọjá, kọ̀ǹpútà á kú lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n. Tẹ́lẹ̀, a máa ń dáwó ọjọ́ ìbí fún ara wa. Tèmi dé lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ò rántí. Kí ni mo lè ṣe? Àbí kí n kúkú bẹ̀bẹ̀ fún tíránsífà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ṣètò ìjókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Ilé ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́ ní tèmi, odindi ọdún méjì ni àwa nọ́ọ̀sì fi bá ara wa yan odì nítorí kọ́kọ́rọ́ yàrá kan. Ọjọ́ tí a jókòó sọ ọ́ ló tán.

Oníṣòwò Kékeré: Ẹ̀yin agbowó orí náà ń wá aláàánú? Wọ́n kọ̀wé sí mi lọ́dún tó kọjá pé owó orí tí mo jẹ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èrè tí mo rí. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń kó rìsíìtì kiri kí wọ́n tó fagi lé e. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Ògbólógbòó: Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ dá mi lóhùn: ẹ mélòó lẹ jẹ́? Ta ni ọ̀gá yín? Báwo ni wọ́n ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Olùbéèrè: Ìyá Ìbejì, mo pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́ta ló wá, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Oníṣòwò, èmi kọ́ ni mo kọ ìwé yín. Ní ti ìdíwọ̀n, àwọn tó wà lókè ló bu iye owó tí ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ mú wọlé lóṣù. Mo kàn ń pín in fún kálukú ni, tí mo sì ń lẹ orúkọ mọ́ ògiri ní gbogbo ọjọ́ Ajé, látorí ẹni tó mú jù dé orí ẹni tó mú kéré jù. Eré ìje lásán ni.

Ògbólógbòó: Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pín in? Ẹ̀yin gan-an ni ọ̀gá?

Oníṣòwò Kékeré: Ó tú! Àwòdì òkè, kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìmọ̀ràn ló wá gbà.

Oníṣòwò Kékeré: Ẹ̀yin kọ́ lẹ kó rìsíìtì kiri, Màmá.

Àbíkẹ́yìn: Mi ò ka gbogbo rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ dá ìjókòó ọjọ́ Ẹtì yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì dá owó ọjọ́ ìbí padà.

Ògbólógbòó: Ẹ gbọ́, Ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹ ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kan wò, tó rí i pé wọn ò jẹ gbèsè, iṣẹ́ gidi ló ṣe. Òdo lẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bu iye tí kò nídìí lé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lórí ló wà lókè ìwé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé àtakò á dé, iye yẹn á wó lulẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ibẹ̀ ni wàhálà Oníṣòwò ti wá. Àwọn tó bá gbọ́n á máa ṣa fáìlì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á sá fún èyí tó le. Ní Amẹ́ríkà, láti 1998 ni òfin ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi iye tí òṣìṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ rí gbà lọ́wọ́ ará ìlú díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀.

Olùbéèrè: Amẹ́ríkà kọ́ ló ń san owó oṣù mi. Adelé ni mí, oṣù mẹ́jọ rèé, wọn ò tíì fọwọ́ sí ìgbéga mi. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi ò lẹ ìwé kankan, wọ́n sì yọ ọ́. Ẹ ní kí n ṣe báwo? Ìwé tíránsífà mẹ́rin wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, àwọn òṣìṣẹ́ mi ló kọ wọ́n. Bí mo bá fọwọ́ sí i, àwa márùn-ún ló kù.

Ìyá Ìbejì: Mẹ́rin kẹ̀? Ẹ ò sì sọ látàárọ̀, àga lẹ̀ ń sọ!

Ògbólógbòó: Ẹni tó gbé àga yẹn, níbo ni orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri?

Olùbéèrè: Nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Fáìlì tó tóbi jù ní ẹ̀ka wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì parí rẹ̀. Èmi ni mo gbé e fún un, torí òun ló mọṣẹ́ jù.

Ògbólógbòó: Ẹ já ìwé yẹn kúrò. Ẹ pè é, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó wà lókè, kí ẹ ṣàlàyé iye tí àtakò ti wó.

Olùbéèrè: Ọjọ́ Ajé ni ọ̀la. Mo ti tẹ tuntun jáde.