419 tí mo rà, kì í ṣe ti ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà ní ìtàn jìbìtì tèmi o. Lọ́dún tó kọjá mo ra igi ẹ̀gẹ́ ìdì ogún lọ́wọ́ bàbá kan létí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ní TME 419 ni, oríṣi ẹ̀gẹ́ tó máa ń dúró gbọnrangandan tí kì í yọ ẹ̀ka púpọ̀, mo sanwó mo gbìn ín, ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí yọ ẹ̀ka látìsàlẹ̀ bí igi máńgòrò. Mo pe bàbá, ó ní "Àlájì, ilẹ̀ yín ló ṣe bẹ́ẹ̀." Ilẹ̀ kẹ̀! 419 ni wọ́n tà fún mi lóòótọ́.

Mo ro ẹjọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ lóko àjàrà ní Ọsirélíà, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ṣebí àwọn òyìnbó ibẹ̀ náà gbin àjàrà kan tó wá láti Sípéènì, Albariño ni wọ́n pè é, wọ́n fi ṣe wáìnì, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò, wọ́n ń tà á, àfi ìgbà tí ará Faransé kan tó mọ ewé àjàrà dáadáa débẹ̀ ní 2008 tó ní èyí ò jọ ọ́ o. Wọ́n bá ṣe DNA fún un, DNA tí àwa mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ta ló lọmọ yìí náà ni o, 2009 lèsì jáde pé Savagnin ni, àjàrà Faransé! Wọ́n ní láti pa orúkọ dà.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́: Àlájì, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé wọ́n lè ṣe DNA yìí fún wáìnì inú ìgò? Èyí tí wọ́n gbé wá síbi ìgbéyàwó àbúrò mi, ara ìgò ń dán, àmọ́ bíi sóbò tí wọ́n bomi là ló rí lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì, mo bi ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní ti ewé tútù ló rọrùn. Tó bá ti di wáìnì, ìwúkàrà ti mú un hó, wọ́n tún ti sẹ́ ẹ, DNA tó kù níbẹ̀ á kéré á sì ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ti ìwúkàrà á tún dà pọ̀ mọ́ ọn, tó bá wá jẹ́ pé oríṣi méjì mẹ́ta ni wọ́n lú pọ̀, iṣẹ́ ti pọ̀ nìyẹn. Oko ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi báyìí, kí n tó ra igi, ẹ máa mú mi dé oko tẹ́ ẹ ti gé e. Bàbá yẹn ò gbé fóònù mi mọ́.