Bàbá mi kò fẹ́ kí n kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìn-àjò afẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò ti sùn dáadáa, ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín. Ẹni ogún ọdún ni mí, èmi sì ni àkọ́bí àwọn òbí mi. Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ìrìn-àjò afẹ́ àgbáyé ni ọkàn mi fẹ́ ní yunifásítì, kì í sì í ṣe ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò lánàá. Nígbà tí mo wà ní SS2, ilé ìwé wa kó wa lọ sí Igbó Òṣun ní Òṣogbo. Ọkùnrin tó mú wa káàkiri ṣàlàyé àwọn ère ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ bí Àdùnní Olórìṣà, obìnrin ará Austria nì, ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ dáàbò bo igbó náà, títí UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ Ogún Àgbáyé ní 2005. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tí n óò ṣe nìyí.

Bàbá mi ní iṣẹ́ gbígbé àwo oúnjẹ ni. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wá láti Èkó tún dá kún un, wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ta ni yóò fi í ṣaya? Níwájú àwọn àbúrò mi ni wọ́n ti sọ ọ́, lọ́jọ́ Ìsinmi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn. Inú yàrá ni mo ti sunkún di alẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin sọ pé iṣẹ́ orin ni òun fẹ́ ṣe, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín in, kò sẹ́ni tó bá a wí. Èmi ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń di àfojúdi. Báwo ni mo ṣe lè yí bàbá mi lọ́kàn padà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò nù ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí o máa ro ẹjọ́ bàbá rẹ fún gbogbo ayé báyìí. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́, bàbá mi sì ní kí n lọ bá ìyá mi àgbà nídìí igbá fínfín. Mo bínú fún ọdún kan gbáko. Igbá náà ni mo ń tà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ títí di òní, òun ni mo sì fi rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Mo mọ àwọn arìnrìn-àjò tí o ń sọ yìí. Wọn a wá wo ààfin, wọn a yà sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà awọ, wọn a sì yà sọ́dọ̀ wa. Wọ́n lè kó gbogbo igbá tó wà lórí àtẹ mi lọ lọ́jọ́ kan, kí oṣù mẹ́ta sì kọjá tí n kò ní rí ẹyọ ẹnì kan. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé àlejò la gbójú lé gba sùúrù. Fara balẹ̀, kí o gbọ́ ti bàbá rẹ.

Atọ́nà Ìṣokùn:
Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń mú àlejò wọ inú ọgbà orílẹ̀-èdè Old Oyo, èyí tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní Ìṣokùn níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ igbó náà di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ahoro Ọ̀yọ́ Ilé tí àwọn baba ńlá wa ṣí kúrò sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín ń jẹ̀ lórí ilẹ̀ tí Aláàfin ti jọba rí, ó yẹ kí èrò máa wọ́ tọ̀ ọ́ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dára tó, àwọn tó sì mọ bí a ṣe ń ṣètò àlejò láti pápákọ̀ òfurufú títí dé ẹnu ibodè ọgbà kò pọ̀. A nílò irú yín.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, o sọ̀rọ̀ títí, o kò sọ èyí tí a óò fi gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ilé ìwé wo ni? Ìlú wo ló wà? Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ṣé JAMB ló fún ọ ní ààyè náà?

Onítíkẹ́ẹ̀tì:
Mo fẹ́ kọ́kọ́ fèsì lórí ọ̀rọ̀ gbígbé àwo, nítorí ó dùn mí. Ìmọ̀ yìí gan-an ni mo fi gboyè. Wọ́n kọ́ wa ní ètò ọrọ̀ ajé, òfin, ìpolówó ọjà, ìṣirò owó, ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, èdè Faransé, àti bí a ṣe ń mọ iye èrò tí ibì kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà kí ó má bàa bàjẹ́. Iyàrá òtẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni kò gbà lálẹ́ òní, a kò lè kó o pamọ́ kí á tà á lọ́la bí ẹni kó ẹ̀wà sínú àpò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjókòó inú ọkọ̀ òfurufú tó ti gbéra. Òtẹ́ẹ̀lì ní láti mọ ìgbà tí yóò gbé owó iyàrá sókè, bí àkókò ọdún Òṣun ní oṣù kẹjọ, àti ìgbà tí yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí iyàrá má bàa ṣófo. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yẹn ni wọ́n máa ń fi ṣe ọ̀gá. Èmi náà ń lo Amadeus, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, lójoojúmọ́ láti wá ìjókòó fún àwọn oníbàárà mi, mo sì ti kọ́ ilé. Kí bàbá náà má fi ojú kéré iṣẹ́ wa.

Bàbá Olùkọ́:
Mo bọ̀wọ̀ fún Onítíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún ọmọ náà bí nǹkan ṣe rí ní 2020, nígbà tí ìjọba ti pápákọ̀ òfurufú pa nítorí àrùn kòrónà, tí ọkọ̀ òfurufú elérò kò sì padà máa ná òkè òkun títí di oṣù kẹsàn-án. Mélòó nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba owó oṣù? Olùkọ́ ni mí fún ọdún márùndínlógójì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tó ń dun bàbá yẹn. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó lè rí iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ìmọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, báńkì kò ní wá a.

Onítíkẹ́ẹ̀tì:
Bàbá, ẹ má bínú, kò sí ẹni tí ọdún yẹn kò gbo. Àwọn oníbáńkì tí ẹ ń sọ náà dá òṣìṣẹ́ dúró. Tí a bá ń fi ìbẹ̀rù yan ẹ̀kọ́ fún ọmọ, gbogbo wọn ni yóò máa ka ohun kan náà.

Alábòójútó Ẹgbẹ́:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìdáhùn ọmọ náà sí ìbéèrè Atọ́nà.

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Ọ̀rọ̀ Onítíkẹ́ẹ̀tì wọ̀ mí lára, n óò kà á sí bàbá mi létí. Ìyá Ìbejì, mo tọrọ àforíjì, n kò ro ẹjọ́ bàbá mi láti fi bú wọn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ni. Ní ti ilé ìwé, ó dára gan-an, mo rí àwòrán rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Ọdún mẹ́ta péré ni, a óò sì lo ọdún kẹta ní Yúróòpù. Ẹ ẹ̀ rí i pé àǹfààní tí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì ni?

Atọ́nà Ìṣokùn:
Ìlú wo ló wà?

Àgùnbánirọ̀ Àná:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ọmọ àbúrò ìyá mi lọ kàwé lẹ́yìn ibodè, ó sì mú ìwé ẹ̀rí dìgírì bọ̀ wálé. Gbogbo wa jó. Nígbà tó fẹ́ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọdún 2024 ló bọ́ sí. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ìtẹ́wọ́gbà ìwé ẹ̀rí láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba dìgírì ní Kutonu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ibẹ̀ ló burú, ọmọ wa yìí sì kàwé gidi, ṣùgbọ́n ilé ló jókòó sí láti ìgbà náà. Ìdí nìyí tí Atọ́nà fi ń béèrè, àbúrò mi. Má dákẹ́.

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Kutonu ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. JAMB fún mi ní ààyè láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ wa níbí, mo sì ti gbà á lórí CAPS, ìkànnì JAMB tí a ti ń gba ààyè, nítorí pé bàbá mi dúró tì mí. Wọ́n fún mi ní ₦260,000 láti fi san owó ìtẹ́wọ́gbà àti apá kan owó ilé ìwé. Aṣojú ilé ìwé Kutonu sọ pé ààyè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, mo bá san ₦210,000 fún un. Mo rò pé kí bàbá mi tó mọ̀, ọkàn wọn yóò ti rọ̀.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán:
Háà! Owó bàbá rẹ lo ná, o sì wá síbí wá sọ pé wọn kò gbọ́ tìrẹ! Èmi tó ń rọ̀ ọ́ láti àárọ̀. Ǹjẹ́ o mọ ibi tí bàbá rẹ ti rí owó náà?

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Wọ́n yá a ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, mà.

Bàbá Olùkọ́:
Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù! Inú owó tó ń wọlé fún bàbá rẹ ni wọn yóò ti máa yọ ọ́ lóṣooṣù. Ọmọ, mi ò ní bú ọ, ṣùgbọ́n ó dùn mí bíi pé ọmọ mi ló ṣe é.

Onítíkẹ́ẹ̀tì:
Bàbá Olùkọ́, lórí èyí, ohùn èmi àti tiyín ti di ọ̀kan. Ọmọbìnrin, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni èdè ìjọba wọn. Ilé ìwé ìrìn-àjò afẹ́ tó bá wà níbẹ̀ tí kò sì ní kọ́ ọ ní Faransé, àwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní ti ọdún kẹta ní Yúróòpù, ilé ìwé kọ́ ló ń fúnni ní físà, orílẹ̀-èdè tí o fẹ́ lọ ni. Jámánì, fún àpẹẹrẹ, láti oṣù kẹsàn-án 2024, 11,904 yúrò ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fi hàn fún ọdún kan ṣoṣo kí wọ́n tó gbà á. Ta ni aṣojú náà sọ pé yóò san ìyẹn? Àti pé àkáǹtì ta ni o san owó sí, ti ilé ìwé tàbí ti aṣojú fúnra rẹ̀?

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Tirẹ̀ ni. Ó ní kó lè yá kánkán. Ó fún mi ní ìwé ìsanwó.

Atọ́nà Ìṣokùn:
Má san kọ́bọ̀ mìíràn. Kọ lẹ́tà sí i lónìí pé kí ó dá owó rẹ padà, kí o tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà pẹ̀lú ìwé ìsanwó, kí o sì fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ sọ lórí fóònù pamọ́. Bí kò bá dá a padà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n àgbà ni yóò bá ọ lọ, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ọjọ́ mélòó ló kù kí owó ìtẹ́wọ́gbà ti ibí tó kásẹ̀ nílẹ̀? Bí ọjọ́ bá kọjá, ààyè yẹn náà yóò lọ, o kò sì ní ní ọ̀kan nínú méjèèjì.

Má rò pé mo ń lé ọ kúrò nínú iṣẹ́ wa. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹranko igbó àti ìrìn-àjò afẹ́, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ ní irú rẹ̀, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta sì ń kọ́ni ní ìṣètò ìgbàlejò àti ìrìn-àjò afẹ́. Ọ̀dọ̀ JAMB ni gbogbo wọn ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló wà nínú èsì WAEC rẹ?

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Mo yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ètò ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó àti bàọ́lọ́jì. N kò ṣe kẹ́mísìrì.

Atọ́nà Ìṣokùn:
Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ ka tiwọn sí, kẹ́mísìrì yóò sì dí ọ lọ́nà níbẹ̀ àfi tí o bá tún ìdánwò ṣe. Ní ti Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ wọn ni kí o ti béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o gba ìmọ̀ ìṣirò owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà ìsinmi, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń mú àlejò káàkiri, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Faransé láti ìsinsìnyí, kí o sì fi ìrìn-àjò afẹ́ ṣe oyè kejì. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn tó lè mú àlejò rìn nínú igbó kò wọ́n. Ẹni tó lè jókòó ṣírò iye tí yóò ná wa láti gbé ogún àlejò dé Ọ̀yọ́ Ilé, kí a sì jèrè, ni a ń wá.

Onítíkẹ́ẹ̀tì:
Èmi kò fara mọ́ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣirò owó. Ó lè tún JAMB ṣe ní ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tó láti fi jiyàn. Kí ó san owó ìtẹ́wọ́gbà ná.

Àgùnbánirọ̀ Àná:
₦50,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni yóò ti rí ìyókù láìsọ fún bàbá rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán:
Ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, ọmọ mi. Mo jágbe mọ́ ọ nítorí pé mo bímọ. Kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ, òun ni yóò mọ ọ̀nà tí ẹ óò gbà dé ọ̀dọ̀ bàbá.

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Màmá mi mọ̀, mà. Àwọn ló fi ₦40,000 owó àjọ wọn kún ti aṣojú náà, nítorí pé ₦250,000 ló béèrè. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí bàbá mi bá mọ̀, kì í ṣe èmi nìkan ni wọn yóò bínú sí.

Bàbá Olùkọ́:
Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Fetí sí mi. Bàbá tó lọ yá owó nítorí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ó dá mi lójú pé kò ní fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ṣòfò lórí ìbínú bí ó bá tètè mọ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá ni ìbínú rẹ̀ kò ní ní oògùn. Ìwọ àti ìyá rẹ, ẹ jọ lọ bá a. Kí ìyá rẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gbé ìwé ìsanwó dání, kí o má sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ gbígbé àwo rárá lálẹ́ òní.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán:
Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Kí ìyá náà má dúró de ìgbà tí ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ọmọ Àkọ́bí, Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí màmá mi létí ní ilé ìdáná. Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì ní kí a má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí aṣojú náà, kò tíì fèsì. Bàbá mi wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, aago mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń dé. Ìwé ìsanwó náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ń gbọ́ ìró géètì báyìí.