Saa mbili kì í ṣe aago méjì: ohun tójú mi rí ní Lamu

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ ìrìn àjò wọn sí Zanzibar, erékùṣù Tanzania, mo sì gbọ́ tiwọn o. Ti Lamu ni tèmi, ìlú kan ní erékùṣù ní Kẹ́ńyà, níbi tí mo ti pàdánù ìrìn àjò odidi ọjọ́ kan torí pé mo rò pé mo ti gbọ́ Swahili, èdè wọn níbẹ̀.

Erékùṣù Manda ni ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ sí, ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé èmi àti àbúrò mi obìnrin sọdá sí Lamu. Bá a ṣe gúnlẹ̀, ni mo bá ń wá táksí. Táksí wo? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ru àpótí wa. Ọ̀nà inú ìlú àtijọ́ náà tóóró débi pé tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì bá pàdé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn á fẹ̀yìn ti ògiri. Ìlú yìí ni UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2001. Àwọn àgbà ọkùnrin ń jókòó sórí pèpéle òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, baraza ni wọ́n ń pè é. Lẹ́nu ọ̀nà ilé tá a wọ̀ sí, wọ́n fín ewé àti òdòdó sí gbogbo etí ilẹ̀kùn. Mo fi ìka tọ ẹyọ okùn ewé kan lọ títí ó fi gbé mi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti kọ́ wa pé "Shikamoo" la fi ń kí àgbà. Bí màmá onílé ṣe yọ, mo ní "Shikamoo," orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Màmá sáré di apá mi mú, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi!

Láàárọ̀, ó gbé mahamri àti mbaazi kalẹ̀. Mahamri jọ pọ́fù-pọ́fù, àmọ́ ó nígun, inú rẹ̀ ṣófo, ó sì ń ta sánsán. Mo wá tọ́ mbaazi wò. Ẹ gbà mí, òtílì ni! Òtílì tí ìyá àgbà mi ń sè ní Ìkàrẹ́, kìkì pé omi tí wọ́n fún lára àgbọn ni wọ́n fi sè é níbẹ̀.

Ibi tí ìgbéraga ti wọ̀ mí nìyẹn. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ "sababu", mo ní sábàbí nìyẹn. Mo gbọ́ "fitina", ìyẹn ò tilẹ̀ fẹ́ àlàyé. "Wakati" náà ń bẹ. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwa àtàwọn ti yá wọn. Nígbà tí awakọ̀ ojú omi wá ní òun á gbé wa lọ sí Takwa, ìlú ahoro tó wà ní Manda, tó sì ní "saa mbili", mo dá a lóhùn kíá. Saa ni aago, mbili ni èjì. Aago méjì ọ̀sán nìyẹn.

A sùn, a jẹun, a dé èbúté láago méjì ku díẹ̀. Bàbá náà ti sùn lọ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àṣé láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago níbẹ̀: aago méje àárọ̀ ni saa moja, aago mẹ́jọ ni saa mbili. Wákàtí mẹ́fà ló fi dúró dè wá! Omi sì ti fà, ìgbà tómi bá kún nìkan sì ni ọkọ̀ ń dé Takwa. Ó gba ìdajì owó rẹ̀, n ò sì bá a jiyàn.

A fẹsẹ̀ rìn lọ sí Shela létí òkun. Iyanrìn ibẹ̀ nà lọ bíi kìlómítà méjìlá, tẹ́ ẹ bá sì ti kọjá àwọn ilé àkọ́kọ́, ẹ lè má rí ẹnì kankan. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú aṣọ ìborùn dání: ìlú mùsùlùmí ni, aṣọ ìwẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá etí omi. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ Takwa mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ tá a máa padà, wọ́n ní ọkọ̀ á gbé wa lọ sí pápákọ̀ òfurufú ní saa nne. Nne ni ẹ̀rin. Mo ka ìka mi: aago mẹ́wàá àárọ̀. Àbúrò mi ní ó dáa, ó sì tún jáde lọ bi èèyàn mẹ́ta.