Ẹ gbà mí o, ará ilé: bánsọ́ọ̀ ńlá yìí, ṣé kí n sanwó àbí kí n sá?

Ọmọ Ajílété, Manchester
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àwọn pákó ìrókò tí mo fi hàn yín lọ́jọ́sí, àwọn tí mo rà níbi tí wọ́n ti ń wó ilé ìwé àtijọ́, orí tábìlì láàbù tí àwọn ọmọ ìwé ti fi kọ́ńpáàsì fín orúkọ sí, mo dáwọ́ lé fífi bánsọ́ọ̀ mi, ẹ̀rọ ayùn tí bíléèdì rẹ̀ ń yípo lórí wíìlì méjì, là wọ́n lónìí. Wọ́n nípọn ní ínṣì kan ó lé díẹ̀, wọ́n fẹ̀ ní ínṣì 9. Mo fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró, kí n là á sí méjì tínínrín, kí n fi ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Èkíní jáde, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Èkejì, mo dé àárín, gbàù! Bíléèdì já. Ẹnu ọ̀nà gáréèjì ni mo ti bá ara mi, mi ò mọ ìgbà tí mo sáré.

Bánsọ́ọ̀ mi, ínṣì 14 ni, èyí tí mo fi irin gbé ọrùn rẹ̀ sókè ní ínṣì 6 kó lè gba pákó tó ga. Mo ti yọ ilẹ̀kùn àtijọ́ dànù. Ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ogbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ló sì lanu sílẹ̀. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́.

Mo wá rí òmíràn: ínṣì 18, àlòkù, láti ilé iṣẹ́ àga kan tó ń kógbá sílé. £850. Fọ́tò rẹ̀ rèé. Ẹni tó ń tà á ní bí òun ò bá gbọ́ ohùn mi kí ọ̀sán ọ̀la tó pé, òun á gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣé kí n rà á?

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Àbúrò, gbé ọwọ́ kúrò lára káàdì. Ta ló sọ fún ẹ pé 18 yẹn ni gíga ohun tó lè là? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní 2016. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi wa fáàn lọ gbé tèmi. Mo dé ilé, mo gbé pákó ínṣì 14 dúró lórí tábìlì rẹ̀, kò wọlé. Ínṣì 10 péré ló wà láàárín tábìlì àti gáìdì òkè, irin tó ń di bíléèdì mú lókè. Wíìlì ni wọ́n fi 18 wọ̀n! Ní kí ọkùnrin yẹn ki téèpù bọ ibẹ̀, kó ya fọ́tò téèpù náà. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Ẹ jẹ́ ká fi gíga sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ fa fọ́tò yẹn gbòòrò? Ẹ wo páànù kékeré tó wà lára motor. 400V, ó sì kọ 3 síwájú àmì roboto tí wọ́n fi igi là láàárín. Iná fésì mẹ́ta ni. Fésì kan ló sì wọ ilé ẹ.

Ọmọ Ajílété, Manchester
Ha! Mo rò pé 3 yẹn ni horsepower.

Wà-Nílé, Ogbómọ̀ṣọ́
😂😂 Fésì mẹ́ta? Kó ní kí wọ́n bá òun yí kọ́táòtù!

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Kó fún ọmọ oníná ní owó ọṣẹ, kó gun òpó.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Hamburg
Ẹ má dẹ́rù bà á. Ní Jámánì níbí, fésì mẹ́ta ń wọ inú ilé, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń lò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ilé tìẹ ò ní in, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní VFD. Àwọn kan ń pè é ní inverter, kì í ṣe inverter tẹ̀yin ará ilé tó ń gbé bátìrì o. Ó ń gba fésì kan wọlé ní 230V, á tu mẹ́ta jáde, 230V náà ni. Torí náà, páànù ara motor ni kí o tún wò. Bí wọ́n bá kọ 230/400 síbẹ̀, oníná lè tún wáyà inú rẹ̀ tò sí ètò tí wọ́n ń pè ní délítà, yóò ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ 400/690, irú VFD yẹn ò ní tó o, ó lè di pé kí o pààrọ̀ motor, àǹfààní £850 yẹn á sì wọmi.

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Àǹtí ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ká tiẹ̀ ní 3 horsepower ni motor náà lóòótọ́, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 2.2. Púlọ́ọ̀gì ìlú yìí, 13A, agbára rẹ̀ ò ju kílówáàtì 3 lọ. Ẹ lè ní ó ṣẹ́kù. Kò ṣẹ́kù o! Motor tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ń fa iná ní ìlọ́po ìlọ́po, pàápàá nígbà tó ní wíìlì irin méjì tó wúwo láti yí. Èmi ki tèmi bọ ẹ̀tẹ̀ńṣọ̀n oníróòlù, mi ò tú wáyà rẹ̀ tán, ó ṣì wé jọ. Mo là pákó mẹ́ta. Ìgbà tí n ó fi gbóòórùn rẹ̀, róòlù náà ti yọ́ bí òrí. Bó o bá rà á, kí oníná tó níwèé fa 16A tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún un. Ṣírò owó yẹn mọ́ £850.

Bàbá Gẹdú, Toronto
Gbogbo yín ẹ gbájú mọ́ iná. Pákó tó tẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo dàgbà sí ní sọ́míìlì ní Ogbómọ̀ṣọ́, ìdí CD, ẹ̀rọ ńlá tó ń la gẹdú, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kawó. Pákó tí wọ́n bá là tó bá tẹ̀, igi ló yí. Ìta rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ń di ara rẹ̀ mú. Bí o ṣe là á, o tú okùn tó dè é nìyẹn. Ra bánsọ́ọ̀ tó tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yóò ṣì tẹ̀.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Bàbá, ẹ má bínú o. Igi tó ti ń yá híítà nínú láàbù kí wọ́n tó bí wa, kí ló tún kù tí yóò yí? Bíléèdì ló ṣìnà.

Bàbá Gẹdú, Toronto
Láàárín èmi àti ìwọ, ta ló kọ́kọ́ rí ìrókò?

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ba pákó wọ́ọ̀nọ́ọ̀tì $600 jẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mò ń ti igi bí ẹni ń ti mọ́tò tí kò fẹ́ sítáàtì, bíléèdì yọ ikùn nínú igi, èmi ò mọ̀. Ojú òkè gún régé, inú ti bàjẹ́.

Bàbá Gẹdú, Toronto
Wọ́ọ̀nọ́ọ̀tì kì í ṣe ìrókò.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Hamburg
Ẹ jẹ́ kí kálípà dá ẹjọ́ yìí. Àbúrò, mú pákó tó tẹ̀ yẹn, wọn bó ṣe nípọn sí létí òkè, láàárín, létí ìsàlẹ̀. Bó bá dọ́gba níbi gbogbo, síbẹ̀ tó tẹ̀, Bàbá ló jàre. Bí ibì kan bá nípọn ju ibì kan lọ, bíléèdì ló rìn gbéregbère.

Ọmọ Ajílété, Manchester
Mo ti wọ píjámà sọ̀ kalẹ̀ lọ gáréèjì. Etí òkè mílímítà 12, àárín 9, etí ìsàlẹ̀ 12.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Ọ̀yọ́ Aláàfin! Ará Akẹ̀sán, ẹ gbọ́ o, a ti jàre!

Bàbá Gẹdú, Toronto
Dúró ná. Ṣé kò tẹ̀ ní gígùn bákan náà?

Ọmọ Ajílété, Manchester
Ó tẹ̀ díẹ̀ ní gígùn, sà.

Bàbá Gẹdú, Toronto
Ẹ ò rí i bí. Bíléèdì ṣìnà, igi náà yí.

Wà-Nílé, Ogbómọ̀ṣọ́
Bíléèdì tó rìn gbéregbère, ṣé ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́ ló gbà ni? Ó ń yẹ kòtò.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Hamburg
😂 Ọ̀rọ̀ ń bẹ níwájú. Àbúrò, irú bíléèdì wo lo lò?

Ọmọ Ajílété, Manchester
Èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì ni fífẹ̀ rẹ̀. Eyín 14 nínú ínṣì kan.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Yéè.

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Eyín 14!

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Hamburg
Ìyẹn ayùn onígi pẹlẹbẹ, ọmọ mi. Àlàfo tó wà láàárín eyín ló ń kó ìyẹ̀ igi jáde. Nínú igi tó ga ní ínṣì 9, àlàfo kékeré á ti kún kí eyín tó yọjú nísàlẹ̀. Eyín ò rí igi jẹ mọ́, ó ń fi ara gbo ó ni, á gbóná, á wá ibi tó rọ̀ gbà. Ìwọ náà á máa tì í. Eyín 3 nínú ínṣì ni kí o wá, kó fẹ̀ tó ìdajì ínṣì. Èyí tó fẹ̀ ní odidi ínṣì kan wà, ṣùgbọ́n férémù ínṣì 14 ò lágbára tó lè fà á le, má dán an wò. Gígùn rẹ̀ ínṣì 105, torí o ti gbé ọrùn ẹ̀rọ sókè. Àwọn tí kò gbé tiwọn sókè ló ń lo 93½. Èmi ra mẹ́ta tó kúrú nígbà kan, mo ti já bébà rẹ̀, wọn ò gbà á padà. Ara ògiri ni wọ́n so sí dòní.

Bó o bá ti ní èyí, ti igi jẹ́jẹ́, kí o máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn motor bá ti ń wálẹ̀, ìwọ lò ń yára jù. Ó ṣeé ṣe kí o má nílò ẹ̀rọ ọ̀gbẹ́ni yẹn rárá.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Àǹtí, mi ò gbà yẹn tán. Gbígbé ọrùn ẹ̀rọ sókè ò sọ motor rẹ̀ di ńlá. Ìrókò ínṣì 9 lórí motor kékeré, yóò là, àmọ́ pákó ogún lọ́nà yẹn? Ìyá ìyàwó á dé, á padà sílé, yóò ṣì wà nídìí ẹ̀.

Bàbá Gẹdú, Toronto
Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó já bíléèdì. Ìrókò máa ń ní òkúta nínú, òkúta funfun gidi, bí ẹfun. Nílé, bí CD bá pàdé rẹ̀, iná á ṣẹ́ yọ, gbogbo wa á dọ̀bálẹ̀.

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Bàbá, tábìlì láàbù ni. Ìdí ṣọ́kúrúù ló wà níbẹ̀. Kó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wá irin, kó fi rá gbogbo ojú igi.

Ọmọ Ajílété, Manchester
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nǹkan funfun kan wà níbẹ̀, ó tó èékánná. Ihò ṣọ́kúrúù àtijọ́ kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò mọ èwo.

Wà-Nílé, Ogbómọ̀ṣọ́
Olúwéré, iwin inú ìrókò, ni. Wọ́n kó o ti ilé lọ sí ìlú òyìnbó láyé ọjọ́un, ọmọ Ajílété wá tún ń fi eyín 14 họ ọ́ lára. Ẹ ò tiẹ̀ tọrọ gáfárà.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Hamburg
Ẹ rántí ìbomú o. Ìyẹ̀ ìrókò ń yún ara, ń yún imú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ojú mi fi wú nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Wà-Nílé, o ò tíì sọ ti ẹ̀rọ tìẹ tó wọ kọ̀ńténà.

Wà-Nílé, Ogbómọ̀ṣọ́
Ẹ má rán mi létí. Láti Atlanta ni mo ti gbé e bọ̀. Mo rí 240V lára rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ parí. Mi ò ka ìlà kejì. 60Hz ni ti Amẹ́ríkà, 50 ni tiwa. Ó ń yí, ṣùgbọ́n ó fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń gbóná bí ààrò. Oṣù kejì, èéfín. Ẹ tún mọ nǹkan tó dùn mí jù? Lọ́jọ́ tó jó yẹn, iná ò tíì pé ogún ìṣẹ́jú tó dé. Mo sáré sí i ni.

Bàbá Gẹdú, Toronto
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé wọ́n ṣì ń jó ìyẹ̀ igi lẹ́yìn sọ́míìlì? Èéfín yẹn, bí mo bá gbóòórùn ẹni tó ń jó ewé níbí nígbà ọ̀gìnnìtìn, ibẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ.

Wà-Nílé, Ogbómọ̀ṣọ́
Wọ́n ń jó o o, Bàbá. Àná pàápàá, aṣọ tí ìyàwó mi sá gbóòórùn rẹ̀.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Hamburg
Ìyá mi fi ìyẹ̀ igi dáná fún wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Èmi ni mò ń gbé ìgò dúró láàárín agolo, wọ́n á gún ìyẹ̀ igi mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ká wá fa ìgò yọ jẹ́jẹ́. Bó bá ya lulẹ̀, mo gbà á létí. Mo ní ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀ igi báyìí, mò ń san owó kí wọ́n tó bá mi kó o lọ.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Ẹ wò ó, Ọ̀yọ́ ló ni iṣẹ́ ọnà. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ kan kì í bá ti ba ìrókò jẹ́ báyìí ká ní ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Wà-Nílé, Ogbómọ̀ṣọ́
Igbá lẹ̀ ń fín! Igbá! Ọ̀bẹ ṣóńṣó ti tó o. Ta ló ń gbé igbá sórí bánsọ́ọ̀?

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Àti ìlù. Ẹ má gbàgbé ìlù.

Bàbá Gẹdú, Toronto
Ìlù ni wọ́n ń lù, kí ẹni tó bá mọ igi là wá máa bá wọn jó.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Bàbá, ẹ ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá 😂. Àwọn tó ń jẹ láfún, kí ni wọ́n fẹ́ rí fi ti igi?

Wà-Nílé, Ogbómọ̀ṣọ́
Láfún tó funfun báláú! Tiyín yẹn dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ Ajílété, Manchester
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sán ọ̀la ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún ọkùnrin yìí?

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Ẹnu ọ̀nà gáréèjì ẹ, báwo ló ṣe ga tó? Mo rí i nínú fọ́tò pé ẹ̀rọ yẹn ju orí ọ̀gbẹ́ni tó dúró tì í.

Ọmọ Ajílété, Manchester
Mi ò tíì wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Hamburg
Ìyá ìyàwó ẹ tó ń bọ̀ yẹn, ṣé ó ṣì ku àyè nínú báàgì wọn? Láfún kílò méjì péré.

Àrẹ̀mọ Akẹ̀sán, Houston
Àǹtí! Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́! Láfún?!

Bàbá Gẹdú, Toronto
Mángòrò ńkọ́?

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, Bàbá. Nǹkan gbígbẹ ni kí ẹ bèèrè.

Ọmọ Ajílété, Manchester
Ìyàwó mi ti bá mi sọ̀rọ̀ o. Ó ní Màmá sọ pé kílò mẹ́rin ló kù. Ṣùgbọ́n bánsọ́ọ̀ yìí...

Mọ́gàjí Oníná, Leeds
Mẹ́rin? Fi méjì sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo sún mọ́ ẹ jù, n ó mú téèpù dání.