Ọpọ́n oúnjẹ àárọ̀ fún àlejò mẹ́jọ: kí ló yẹ kó wà lórí rẹ̀?

ÌyáDúró

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Àlejò mẹ́jọ ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú ọmọdé méjì. Mi ò fẹ́ bu oúnjẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ to gbogbo rẹ̀ sórí ọpọ́n pákó láàárín tábìlì, kí kálukú máa mú èyí tó bá wù ú. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni àkàrà, mọ́ínmọ́ín, dòdò, dùndú, ẹyin, wàrà díndín, búrẹ́dì Àgége, èso, àti ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹnu iná méjì ni sítóòfù gáàsì mi ní, kò sí ófúùnù. Àgbàlagbà kan wà nínú wọn tí kì í fẹnu kan ata rárá.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí àkàrà ò fi ní rọ̀ kí wọ́n tó jókòó? Báwo ni kí oúnjẹ náà ṣe pọ̀ tó? Ṣé mo sì lè lo pákó tí káfíńtà bá gé fún mi?

AlákàràÒwúrọ̀

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, mà. Ohun tí ẹ kà sílẹ̀ pọ̀ jù fún ẹnu iná méjì. Márùn-ún nínú rẹ̀ ló ń fẹ́ òróró, gbogbo wọn ló sì fẹ́ jáde ní ìdajì wákàtí kan náà. Ẹ yọ dùndú kúrò. Dòdò àti búrẹ́dì ti tó.

Ìdí àkàrà ni n ó jókòó sí, torí òun ni àlejò máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ̀wà olóyin agolo mílíìkì mẹ́ta, bíi ìdajì kílò, á fún yín ní àkàrà bíi 35 tí ẹ bá fi ṣíbí ìjẹun dá a. Mẹ́ta mẹ́ta fún àgbà, méjì méjì fún ọmọdé, á sì ṣẹ́ kù fún ẹ̀yin onílé.

Ẹ rẹ ẹ̀wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré kí ẹ tó bó o. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú omi, inú rẹ̀ náà á ti wú, bíbó rẹ̀ á wá di iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá bó o tán, ẹ dá a padà sínú omi fún wákàtí kan sí méjì kó lè kúnná nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́. Ẹ lè bó o lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n inú fíríìjì ni kó sùn. Ẹ̀wà bíbó tó bá sun ìta nínú ooru wa á hó, á sì kan.

Omi tí ẹ máa fi lọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ ju ife kan lọ, ìyẹn bíi mílílítà 250. Ibi tí ọ̀pọ̀ àkàrà ti ń bàjẹ́ nìyí: bílẹ́ńdà á kọ̀ tí kò ní yí, wọ́n á tún bu omi sí i. Ẹ̀wà lílọ̀ tó bá ti ń ṣàn kì í gbé afẹ́fẹ́ dúró. Àkàrà rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì mu òróró yó. Kàkà kí ẹ fi omi kún un, ẹ pín ẹ̀wà náà sí mẹ́ta, kí ẹ máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá pò ó dáadáa, nínú odó pẹ̀lú ọmọ odó bí ó bá wà, fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, títí á fi funfun tí á sì wú. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù. Tó bá léfòó, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Tó bá rì, ẹ tún pò ó. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà di ìgbà tí òróró bá ti gbóná, torí iyọ̀ máa ń fa omi jáde; èyí tí ẹ bá ti fi iyọ̀ sí tẹ́lẹ̀ á ti dẹ̀ kí ẹ tó dín in. Ẹ bu ti àgbàlagbà yẹn àti ti àwọn ọmọdé sọ́tọ̀ kí ata tó wọ inú rẹ̀, tiwọn ni kí ẹ sì kọ́kọ́ dín.

Kí òróró ga tó ìbú ìka mẹ́ta nínú agbada. Ẹ ju ègé àlùbọ́sà kan sí i: kó hó lójú ẹsẹ̀, kó má sì dúdú. Ẹni tó bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, 175 sí 180°C ni. Ẹ má dá ju méje lọ lẹ́ẹ̀kan, kí òróró má baà tutù. Bí ẹ bá dá a lẹ́ẹ̀marùn-ún, á gbà yín tó ìdajì wákàtí.

Ní ti rírọ̀ tí ẹ béèrè: ooru omi tó ń jáde láti inú àkàrà fúnra rẹ̀ ló ń rọ̀ ọ́. Inú ajere tàbí orí asẹ́ irin ni kí ẹ kó o sí, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kúlà tí a dé pa ló ń ba àkàrà jẹ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdérí là sílẹ̀ díẹ̀. Á tọ́jú rẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, kò jù bẹ́ẹ̀.

ỌmọÌlọrin

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má yọ wàrà kúrò o, òun ló bá ọpọ́n mu jù. Ewé bọmubọmu ni àwọn ìyá Fúlàní fi ń mú kó dì, kì í sì í yọ́ nínú òróró bíi chíìsì òyìnbó. Bó ṣe jáde nínú agbada náà ló ṣe máa wà lórí tábìlì.

Ẹ rà á lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú omi rẹ̀, kí ẹ sì sè é lójú ẹsẹ̀ nínú omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí kì í pẹ́ kan. Láàárọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ lé e fún ìdajì wákàtí kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Wàrà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ á máa ta òróró sí yín lára, ara rẹ̀ ò sì ní pọ́n. Ẹ gé e nípọn tó ìka kan. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lójú kọ̀ọ̀kan ti tó. Wàrà ńláńlá mẹ́rin á kárí yín.

ÌyáẸlẹ́wé

Ti pákó: ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà bóyá wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí igi náà. Bí wọ́n bá ti fi sí i, tàbí tí wọ́n ti fi fáníìṣì kùn ún, kì í ṣe pákó oúnjẹ mọ́, ewé kò sì lè ṣe àtúnṣe rẹ̀. Pákó tí a fi ń gé ẹ̀fọ́, tí kò gba ẹran tútù rí, sàn jù ú lọ. Ẹ má lo ọpọ́n ńlá kan ṣoṣo. Méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, tó sì fẹ̀ tó 30, ni kí ẹ lò, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun tábìlì kan, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà na apá kọjá níwájú àgbà.

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ sí i. Ẹ nù ún tojú tẹ̀yìn, kí ẹ sì rà á lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dán. Èyí tí ẹ kò bá rà lórí iná á ya nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ ẹ. Àwọn abọ́ kéékèèké ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀: ata díndín, oyin, bọ́tà, ọbẹ̀ ẹyin. Lẹ́yìn náà ni mọ́ínmọ́ín nínú ewé rẹ̀, ẹ ṣí ẹnu méjì tàbí mẹ́ta kí àlejò lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Búrẹ́dì tẹ̀ lé e, kí wàrà àti dòdò sì dí àlàfo tó kù. Àkàrà ló kẹ́yìn, ibi gbígbẹ ni kó sì wà.

Ẹ má gbé èso sórí ọpọ́n kan náà pẹ̀lú nǹkan gbígbóná. Ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ẹ gé sínú ajere fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí omi rẹ̀ ro dànù. Wọ́tàmẹ́lọ́ọ̀nù ò ní yéé ṣomi, abọ́ tirẹ̀ ni kí ẹ fún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ nínú èèpo. Tí ẹ bá sì fẹ́ gé e dandan, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára kó má baà tètè dúdú. Ẹ̀mú tàbí ṣíbí kan fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, pàápàá ata, kí ṣíbí ata má baà dé inú oúnjẹ ẹni tí kì í jẹ ẹ́.

ÌyáDúró

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín. Ọ̀rọ̀ dùndú ń dùn mí díẹ̀, torí àgbàlagbà yẹn fẹ́ràn isu. Ẹ̀kọ mi sì máa ń dì ní kókó, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dì rárá. Mélòó ni ẹyin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀?

ÒgìFunfun

Ẹ̀kọ tí kò dì, omi rẹ̀ ni kò gbóná tó. Ògì ò ní dì àfi tí gbogbo rẹ̀ bá gbóná kọjá bíi 70°C. Tí ẹ bá mú un tààrà láti inú fíríìjì, tí ẹ fi omi púpọ̀ pò ó, tí abọ́ náà sì tutù, ooru omi híhó yẹn ti pòórá nìyẹn. Ẹ gbé ògì síta ní wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ sì fi omi gbígbóná ṣan abọ́ náà.

Fún ènìyàn mẹ́wàá, ògì ìdajì kílò. Omi tútù díẹ̀, bíi ife kan, ni kí ẹ fi pò ó títí kò fi ní sí kókó kankan nínú rẹ̀. Kókó tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbí kò ní túká mọ́, torí ìta rẹ̀ á jinná, inú rẹ̀ á wà ní tútù. Kí omi lítà méjì máa hó lórí iná gan-an, kì í ṣe pé ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa dà á lé e láìdáwọ́dúró, kí ọwọ́ kejì máa rò ó. Bí kò bá tètè dì, ẹ dá a padà sórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó, á dì. Inú fúláàsì tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn ni kó wà, ṣúgà àti mílíìkì lọ́tọ̀.

AlákàràÒwúrọ̀

Tí ó bá jẹ́ pé isu ni bàbá tàbí màmá náà fẹ́, ẹ sè é. Isu sísè pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyin tí kò ní ata á tẹ́ wọn lọ́rùn ju dùndú lọ, agbada á sì ráyè.

Ẹyin méjìlá. Ẹ jẹ́ kí omi tòmátì gbẹ tán pátápátá kí ẹyin tó wọ̀ ọ́, kí ó má baà máa ṣomi nínú abọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ńlá mẹ́rin, èyí tó pọ́n tí àmì dúdú wà lára rẹ̀, àmọ́ tó ṣì le díẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó ti dẹ̀ jù máa ń mu òróró, á sì dúdú kí inú rẹ̀ tó jinná.

Bí ẹnu iná méjèèjì ṣe máa ṣiṣẹ́ nìyí. Mọ́ínmọ́ín, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ ti sè é, kó sun inú fíríìjì. Aago 7:30, ẹ lọ ẹ̀wà, kí isu sì wà lórí iná. Aago 8:00, isu ti sọ̀, ẹ gbé mọ́ínmọ́ín sórí omi híhó fún ogún ìṣẹ́jú. Ní ẹnu iná kejì, wàrà, lẹ́yìn rẹ̀ dòdò. Aago 8:25, ẹ sẹ́ òróró náà, torí ìdàrọ́ ṣúgà dòdò á máa jó sí àkàrà lára, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ àkàrà ní 8:30. Omi ẹ̀kọ, 8:30. Ẹyin, 8:45.

Ẹ má gbé gbogbo àkàrà síta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ to ogún sórí ọpọ́n méjèèjì, kí ìyókù wà nínú ajere ní ilé ìdáná, kí ẹ wá fi dí àlàfo bí wọ́n bá ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ lè la díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín kí ẹ fi ata díndín há a nínú, bí àwọn ará Bahia ní Bùràsíìlì ṣe ń la acarajé tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ dá ti ìyẹn tóbi.

ÌyáẸlẹ́wé

Ẹ kó ẹyin àti mọ́ínmọ́ín kúrò lórí tábìlì kí wákàtí méjì tó pé, wákàtí kan tí ooru bá kọjá 32°C. Bí àlejò bá pọ̀ nínú ọ̀rọ̀, abọ́ ẹyin kékeré méjì tí ẹ ń pààrọ̀ sàn ju ńlá kan lọ. Tí ẹ bá fọ ọpọ́n náà tán, ẹ gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú méjèèjì gbẹ pọ̀. Pákó tí a tẹ́ sílẹ̀ nígbà tó tutù máa ń tẹ̀.