Kámẹ́rà orí gálárì tó dákẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó: ẹ̀yin ńkọ́, kí lojú yín rí?

Ẹ̀yin ará iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀, torí tèmi ṣì ń dùn mí.

Ogbómọ̀ṣọ́ níbí ni, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Under G. Kámẹ́rà méjì ni mo gbé lọ, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, mo so ìkejì mọ́ irin gálárì kó máa wo pẹpẹ látòkè, tí mo bá ti tẹ tọwọ́ mi, tíríga orí ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́, á ránṣẹ́ sí rìsífà tó ń gbà á lábẹ́ tòkè, òun náà á yà lójú ẹsẹ̀. Lálẹ́ Fúráìdé mo lọ dán an wò, mo rìn látẹsẹ̀ pẹpẹ dé ẹnu géètì, kò já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Sátidé, èrò kún dẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ ní kí ọkọ ṣí ìbòjú ìyàwó, mo ń tẹ̀, mo ń tẹ̀, tọwọ́ mi ń yà, mo gbójú sókè, iná pupa ara rìsífà ò ṣẹ́jú rárá. Ó kan òrùka, bákan náà. Nígbà tí mo gòkè lọ lẹ́yìn ìsìn, àwòrán 14 péré ló wà nínú káàdì, mẹ́wàá nínú ẹ̀ ni mo sì ti yà káwọn àlejò tó dé. Màmá ìyàwó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èyí tí wọ́n bá yà látòkè làwọn máa fi sí férémù ńlá ní pálọ̀. Mi ò mọ ojú tí mo máa fi wo màmá.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo pààrọ̀ ẹ̀, kò yí padà. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ni wọ́n gòkè wá tí wọ́n bi mí pé, "Kí lèyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?" Ráútà ni o, ẹ̀rọ tó ń pín wáífáì. Àwọn tó ń gbé ìsìn sórí Facebook láìfù ló gbé e kọ́ sórí irin yẹn láàárọ̀, kò tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sí rìsífà mi, wọn ò mọ̀ pé ó ń dí nǹkan kan lọ́wọ́.

Bí ọ̀gá ṣe là á yé mi rèé: tíríga wa, wáífáì, búlútùùtù, títí kan ọ̀pọ̀ nínú máìkì kékeré tá à ń há mọ́ kọ́là, ọ̀nà ìgbì rédíò kan náà tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz ni gbogbo wọn ń lò, àyè ibẹ̀ ò sì fẹ̀, látorí 2400 sí bíi 2483 MHz ni, kò gba láísẹ́ńsì ló jẹ́ kí gbogbo ayé rọ́ síbẹ̀. Rìsífà ń tẹ́tí sí ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń bọ̀ látìsàlẹ̀, ráútà wá ń pariwo sí i létí, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́? Ìyẹn nìkan kọ́. Ara èèyàn lómi nínú, omi sì máa ń fa ìgbì rédíò yẹn mu. Fúráìdé, àga lásán ló wà láàárín èmi àti kámẹ́rà, Sátidé gbogbo ìjọ dìde dúró tàwọn ti gèlè, fóònù lápò kálukú, wáífáì àti búlútùùtù ẹ̀ wà ní títàn. Ìdánwò inú ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo, mi ò gbà á gbọ́ mọ́.

Ní báyìí, tí mo bá dé òde, ibi táwọn oníláìfù fẹ́ gbé ráútà sí ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi mítà mẹ́ta mẹ́rin jìnnà sí mi, kí wọ́n sì bọ́ sí 5 GHz tí tiwọn bá gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń pa wáífáì inú kámẹ́rà méjèèjì. Rìsífà ò sí lábẹ́ mọ́, igi kékeré ni mo fi gbé e ga kúrò lára irin. Tí ìwàásù bá sì ti ń parí, ọmọ iṣẹ́ mi á gòkè lọ tẹ kámẹ́rà yẹn kó máa dá yà fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, tí káàdì bá fẹ́ kún kó kún.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀yọ́ lèmi wà, sítúdíò mi ò jìnnà sọ́jà Akẹ̀sán. Tèmi, lápútọ́ọ̀pù ni mo fi ń darí kámẹ́rà tó wà lókè òrùlé, wáífáì ló so wọ́n pọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ki háàdì díìsìkì USB 3 bọ̀ ọ́, àwòrán á dúró gbagidi, máòsì tí ò ní wáyà náà á máa fò kiri. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ta lápútọ́ọ̀pù yẹn. Àṣé USB 3 máa ń tú ariwo sí àyíká 2.4 yẹn gan-an, Intel ti kọ̀wé lé e lórí láti 2012! Wáyà tó gùn ni mo rà, mo gbé díìsìkì lọ sí igun kejì tábìlì, ó tán.

—

Tèmi ò gùn. Fíláàṣì mi kì í tàn tó bá ti sún mọ́ tíríga jù, tí n bá fi ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn á tàn. Mo wá rí i nínú mẹ́nù pé àyè wà fún tòsí àti ọ̀nà jíjìn, ti tòsí ni mo ń fi sí látọjọ́ yìí tí wọ́n bá ti sún mọ́ra.

—

Ẹ ṣé gan-an. Màmá ìyàwó mú ọ̀kan nínú mẹ́rin tó kù, ìgbà tí bàbá ń mú ọmọ bọ̀ láàárín ìjọ. Mo ti ń wo tíríga 433 MHz wàyí, wọ́n ní ó ń la àárín èrò kọjá ju 2.4 lọ. Ta ló ti lò ó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó kún fọ́fọ́?