Ilé àkọ́kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀: kí ni ó yẹ kí a wò kí a tó san owó?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyàwó Olùkọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, olùkọ́ sì ni ọkọ mi. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń gbé ilé tí a háyà ní Parákin. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń tu owó jọ, a sì ti rí ilé oníyàrá mẹ́ta kan lẹ́bàá ọ̀nà Ẹdẹ, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí ògiri rẹ̀ ń dán, tí kànga sì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí ó kọ́ ọ ti di olóògbé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń tà á, ó sì ní kí a san ìdajì owó kí oṣù yìí tó parí nítorí pé àwọn mìíràn ti ń wá wò ó. A kò ra ilé rí, ẹ̀rù sì ń bà wá. Kí ni ó yẹ kí a wò?

Èsì láti ọ̀dọ̀ Bàbá Awọnlẹ̀

Ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀ ní agbègbè Ifẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí ni pé ilé fúnra rẹ̀ kì í da olùrà láàmú tó ẹni tí ó tà á fún un. Ẹ má tíì wo ọ̀dà ara ògiri. Ẹ béèrè iye ìyàwó tí olóògbé fẹ́ àti iye ọmọ tí ó bí. Bí ó bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, ilé náà ti di ti ẹbí lábẹ́ àṣà wa, kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo mọ́. Bí àwọn ọmọ bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà lójú ilé ẹjọ́. Bí olórí ẹbí bá sì tà á lórúkọ ẹbí láì gba ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ń ṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì yí i padà. Nítorí náà, kí dáwódù tí í ṣe olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ìdí-igi fọwọ́ sí ìwé níwájú agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá. Rìsíìtì nìkan kò tó.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè, èyí tí ó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, kí awọnlẹ̀ tiyín sì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba ní Òṣogbo, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìfọwọ́sí gómìnà wà lára ohun tí ó ń mú kí irú rírà bẹ́ẹ̀ pé. Bí wọ́n bá ń yọ 2.5% owó oṣù yín fún owó ilé ti ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NHF, ẹ lè béèrè ẹ̀yáwó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí ó dúró dáadáa ni báǹkì yóò kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n sin olóògbé sí. Ọ̀pọ̀ bàbá ní ìlú wa ni wọ́n sin sínú ilé tàbí sí iwájú ilé wọn. Ẹni tí yóò ra irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹbí yanjú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn, yálà wọn yóò gbé òkú náà lọ tàbí wọn yóò máa wá síbi sàréè.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Bíríkìlà Iléṣà

Bàbá ti sọ ti ìwé; ti ara ilé ni èmi yóò sọ. Ilé tí wọ́n kùn nítorí títà máa ń kọ mí lóminú. Ẹ lọ ní ọ̀sán, kí ẹ kúnlẹ̀ sí ìdí ògiri, kí ẹ sì fi kókó ìka kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí ó bá ń dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti kúrò lára búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Bí ẹ bá fi èékánná họ ọ̀dà rẹ̀ tí ohun funfun bí iyọ̀ jáde, omi ń gòkè láti ìpìlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ọ̀dà tí yóò wò ó sàn. Ìlà tín-ín-rín lára ògiri kì í ṣe ewu. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tí ó ń gun òkè bí àtẹ̀gùn, tí owó ẹyọ sì lè wọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ máa rì. Ẹ wo bí ògiri ṣe nípọn tó lójú fèrèsé pẹ̀lú, nítorí bí ó bá nípọn gan-an ju búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9 lọ, ó lè jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò. Ilé alámọ̀ kì í ṣe ilé burúkú, àmọ́ kò yẹ kí iye owó rẹ̀ bá ti ilé búlọ́ọ̀kù dọ́gba.

Ní ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà bí ìhà Ìtàgúnmòdì, a tún máa ń béèrè bóyá wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ náà rí kí wọ́n tó dí i padà.

Èsì láti ọ̀dọ̀ Ìyá Lágere

Àbúrò mi, ẹ fi ọkàn sí kànga yẹn. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Kànga tí ó kún ní oṣù Kẹsàn-án lè gbẹ ní oṣù Kejì. Nígbà tí a fẹ́ ra ilé tiwa, mo rí okùn gígùn kan tí wọ́n ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, n kò sì ro ohun tí okùn gígùn tó bẹ́ẹ̀ wà fún, títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé tí garawa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Ẹ má bi ẹni tí ń tà. Ẹ lọ bá obìnrin tí ń fọ aṣọ ní ilé kejì, kí ẹ bi í níbi tí ó ti ń pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wo ibi tí kòtò ìgbẹ́ wà pẹ̀lú, tiyín àti ti aládùúgbò. Mítà 30 ni wọ́n máa ń sọ pé ó yẹ kí ó wà láàrin rẹ̀ àti kànga, bẹ́ẹ̀ sì ni pulọ́ọ̀tì tí ó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà kò ju nǹkan bí mítà 30 náà lọ. Kòtò ẹlòmíràn lè sún mọ́ omi yín ju tiyín lọ. Kí ẹ sì lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Bí ẹ bá rí àpò iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò, ẹ ti mọ ibi tí àgbàrá ń gbà.

Ìyàwó Olùkọ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n mi. A lọ lánàá. Ògiri yàrá kejì dún bí igbá lóòótọ́, obìnrin ilé kejì sì sọ pé ọ̀dọ̀ omi ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ àdúgbò ni gbogbo wọn ń lọ láti oṣù Kìíní. Ọmọkùnrin náà ní àwọn márùn-ún ni wọ́n bí, láti ọ̀dọ̀ ìyá méjì. Nígbà tí ọkọ mi béèrè ibi tí wọ́n sin bàbá wọn sí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní abẹ́ pálọ̀ ni. A ti sọ fún un pé a kò ní san kọ́bọ̀ títí àwọn mẹ́rin yòókù yóò fi wá.